Púlì Tuntun fún Báàlù Bàbá Adéwọ̀yìn

Ẹsẹ̀ méjì ni Sọ̀fíyátù kọ́kọ́ rí. Wọ́n yọ jáde láti inú ikùn báàlù kékeré kan tó dúró sábẹ́ àtíbàbà páànù. Bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ti òsì ti bọ́ sílẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ ọ̀hún sì ti lu níbi àtàǹpàkò. Oòrùn àárọ̀ ń ta sára ọkọ̀ náà, ọ̀dà rẹ̀ tó ti ṣá sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹ̀gà.

"Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ yẹn," ó ní, "ṣé báàlù yìí ló ń gbé yín mì, àbí ẹ̀yin lẹ ń gbé e mì?"

Ẹsẹ̀ náà ta pọ́n-ún. Orí ẹni tó ni ín gbá irin nínú, gbàù! Nígbà tó fi máa fa ara rẹ̀ jáde, òwú aláǹtakùn ti bo irun rẹ̀. Ó wo obìnrin tó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù, tó wé ìborùn funfun, tó gbé àpótí irinṣẹ́ lọ́wọ́. Ó tún wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀.

"Ẹ má wẹ̀yìn mi. Èmi ni ẹnjiníà tí ẹ ń retí."

"Ẹ máà bínú, Mà. Wọ́n kàn sọ fún wa pé ẹnjiníà kan ń bọ̀ láti Màsífà ni." Ó rẹ́rìn-ín, ó ń wá bàtà rẹ̀. "Abíọ́nà lorúkọ mi. Faransé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama ní Èjìgbò. Bàbá mi ló ni báàlù."

Bàbá Adéwọ̀yìn ti lo ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ní ìlú Àbíjàn àti agbègbè rẹ̀, níbi tó ti ń fi báàlù fọ́n oògùn sóko ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kógbá wọlé, báàlù yìí ni wọ́n fi ta á lọ́rẹ. Wọ́n tú u sí wẹ́wẹ́, wọ́n fi ọkọ̀ àjàgbé kó o wá sóko bàbá lọ́nà Ìsúndúnrin, níbi tó ti gba àṣẹ láti la pápá gbọọrọ kan. Ṣùgbọ́n ojú bàbá ti ń kú lọ. Dókítà ní bóyá ni bàbá máa ríran kọjá ọdún náà. Ohun kan ṣoṣo ló wù wọ́n: kí wọ́n wo Èjìgbò láti òkè. Awakọ̀ òfuurufú kan tó ń jẹ́ Al-Ameen ti ṣèlérí pé òun á gbé wọn. Ó ku kí ẹnjiníà fọwọ́ síwèé pé ọkọ̀ dára.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Sọ̀fíyátù fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ́ńjìnnì dára. Púlì ni kò dára. Nínú irú báàlù àtijọ́ bẹ́ẹ̀, wáyà ni awakọ̀ fi ń darí apá àti ìrù ọkọ̀, púlì sì ni àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké tí wáyà náà ń gorí wọn yí kọ́nà. Mọ́kànlá ni wọ́n. Mẹ́rin ti gan, wọn ò yí mọ́. Wáyà kàn ń họ ojú wọn kọjá ni. Sọ̀fíyátù ní kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo wọn sí irú tuntun tó ní bíárìn, ìyẹn àwọn bọ́ọ̀lù irin tó ń jẹ́ kó yí, tí wọ́n dé pa, tí eruku ò lè wọ̀. Wọ́n kọ̀wé sókè òkun fún un.

Bí ilé ìwé bá ti jáde, Abíọ́nà á dé. Ó ń di tọ́ọ̀ṣì mú, ó ń tú nọ́ọ̀tì, ó sì ń béèrè ohun gbogbo. Lọ́jọ́ kan, Sọ̀fíyátù fi aṣọ funfun kan lé e lọ́wọ́.

"Ẹ fi nu wáyà yìí jẹ́jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Níbi tó bá ti há, ẹ dúró. Okùn irin kan ti já níbẹ̀ nìyẹn. Ojú lè má rí i, ṣùgbọ́n aṣọ ò ní purọ́."

"Dúsúmọ̀n, dúsúmọ̀n," ni Abíọ́nà ń wí lábẹ́nú bó ti ń nù ún. Bí àwọn ará Àbíjàn ṣe ń sọ "jẹ́jẹ́" nìyẹn.

"Ọwọ́ yín mà rọ̀ o. Ṣé ṣọ́ọ̀kì nìkan lẹ ń gbé ni?"

"Ṣọ́ọ̀kì àti ìwé ni. Tiyín ló le bí ẹ̀yìn ahun." Ó tún nu wáyà díẹ̀. "Ó sì wù mí."

Sọ̀fíyátù mú sípánà kan tí kò nílò, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn. Kò sẹ́ni tó rántí ọjọ́ tó yí padà.

Lẹ́yìn náà ni ìròyìn dé pé ẹrù púlì ti há sí èbúté, kò ní dé kí oṣù tó parí. Bẹ́ẹ̀, bí oṣù bá parí ni Al-Ameen ń lọ síṣẹ́ olóṣù mẹ́rin lókè òkun.

Bàbá gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wọn. "Ọmọ mi, púlì wọ̀nyí ti gbé mi láti ọjọ́ pípẹ́. Fi gíríìsì pa wọ́n, kí o bu ọwọ́ lùwé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni."

"Ẹ dákun, Bàbá. Mi ò lè ṣe é."

"Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ní, Sọ̀fí!" Ohùn Abíọ́nà ti yí padà. "Àbí o fẹ́ kí ojú wọn kú tán kí wọ́n tó gòkè ni?"

"Ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́ ṣì wà láyé, Abíọ́nà."

"Ìyẹn ni pé ìwé rẹ ṣe pàtàkì lójú rẹ ju èèyàn lọ."

Sọ̀fíyátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àpótí, ó kí bàbá, ó bá tirẹ̀ lọ. Lórí ọ̀kadà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà gan-an ló ń dùn ún. Ẹnu tó ti jáde ló ń dùn ún.

Lọ́jọ́ kẹta, Abíọ́nà dé Màsífà. Ìyá Sọ̀fíyátù jókòó sórí àga gbọọrọ níwájú ilé, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ẹnjiníà lòun ń wá. Ìyá gbọ́ bí ahọ́n rẹ̀ ṣe ń yí.

"Ará Àbíjàn ni ẹ́?"

"Ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi, Mà."

Ojú ìyá pa dé bí ewé patanmọ́. Mùstàfá, ọkọ wọn, ti lọ sí Àbíjàn nígbà tí Sọ̀fíyátù wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Lẹ́tà méjì ló kọ, lẹ́yìn náà ó dákẹ́ títí dòní. Láti ìgbà náà, ìyá kì í gbọ́ orúkọ ìlú ọ̀hún sétí.

Sọ̀fíyátù jáde síta. Abíọ́nà na aṣọ funfun sí i. Ojú aṣọ náà ti ya.

"Mo ṣí ìdérí ìrù ọkọ̀ lánàá. Mo nu wáyà bí o ṣe kọ́ mi, ó há. Okùn irin méje ló ti já lábẹ́ púlì tó gan. Ká ní o fọwọ́ síwèé yẹn ni..." Ó tún wo ojú ibi tó ya náà. "Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni mo sọ sí ọ. Dákun, foríjì mí."

"Ṣé Bàbá ti mọ̀?"

"Mo mú ìka wọn kàn án. Wọ́n tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

Sọ̀fíyátù wo aṣọ náà pẹ́. "Ó yẹ kí n ti ṣí ìdérí yẹn láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Èmi náà ní ẹ̀bi tèmi." Ó wọlé lọ gbé àpótí rẹ̀.

Al-Ameen lọ, púlì dé. Sọ̀fíyátù dùbúlẹ̀ sábẹ́ ìjókòó awakọ̀, Abíọ́nà wà nídìí ìrù, wọ́n jọ ń ta wáyà tuntun. "Fà á!" "Mo ti fà á." "Dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, olùfẹ́." Àwọn méjèèjì gbọ́ ohun tí Sọ̀fíyátù sọ. Kò kó o jẹ, Abíọ́nà náà ò sì jẹ́ kó kó o jẹ.

Ìgbà tí ọyẹ́ parí ni Al-Ameen tó padà. Ọ̀kan nínú ojú bàbá ti kú pátápátá nígbà náà, èkejì ń ríran bí ẹni ń yọjú níbi ihò kọ́kọ́rọ́. Bàbá lo ogún ìṣẹ́jú lókè. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, Sọ̀fíyátù ò lè wo ojú wọn.

"Mo rí òrùlé ilé wa," bàbá ní. "Mo rí ọ̀nà Ìsúndúnrin, ó pupa. Ìyókù, Al-Ameen ló ń sọ ọ́ fún mi." Wọ́n na ọwọ́, wọ́n wá èjìká rẹ̀ kàn. "Al-Ameen jẹ́ kí n di ọ̀pá ìdarí mú díẹ̀. Ó rọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó tó, ọmọ mi. Ó tó gan-an."

Lọ́jọ́ yẹn ni Abíọ́nà bi í bóyá á fẹ́ òun. Sọ̀fíyátù ní òun á fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìyá òun.

Ìyá gbọ́ ọ tán. "Mi ò ní í bú ọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín. Bó dọ̀la, ọ̀nà á tún pè ọ́, ọmọ mi á sì máa ka oṣù bí mo ṣe kà á."

"Mà, èmi kọ́ ni ọ̀nà ń pè," Abíọ́nà ní. "Ẹnjiníà ni. Wọ́n ti fún un níṣẹ́ ní Kàdúná. Á máa lọ, á máa bọ̀. Èmi ni màá máa retí rẹ̀ ní Èjìgbò."

Ìyá yíjú sí ọmọ wọn. "Ìwọ ni o fẹ́ lọ?"

"Èmi ni, Mà. Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n n ó máa padà wá."

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ìyá fi ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nítorí àlejò tó lè wá gbé ọmọ wọn lọ. Wọn ò mọ̀ pé inú ilé ni arìnrìnàjò wà. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn. Kí ó tó tán, omi ti wà lójú wọn.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń retí èèyàn? Iṣẹ́ ni o. Èmi ló yẹ kí o bi."

"Ẹ óò kọ́ mi, Mà."

Ìyá wò ó títí. Wọ́n sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àga gbọọrọ náà, wọ́n fi ọwọ́ lu ibi tó ṣófo.

"Jókòó," wọ́n ní. "Ọjọ́ wo ni bàbá rẹ lè wá rí wa?"