Kìnnìún Amọ̀ Tó Fọ́ ní Kitwe

Àfi eérú ni Sájẹ́ǹtì Kapasa bá lẹ́yìnkùlé Mwenya. Gbogbo aṣọ tí olórin náà fi ń ṣeré ló ti jóná, òun fúnra rẹ̀ ló sì dáná sun wọ́n.

“Mi ò kọrin mọ́,” Mwenya wí. “Ẹ bá mi mú ẹni yìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ gbàgbé eré Sátidé.”

Ó na fóònù sí i. Ẹnì kan tó fi orúkọ èké bojú ti ń bú u lórí ayélujára láti oṣù tó kọjá: ọ̀bọ, àgàn, àjẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n sì ń bá a tàn án kálẹ̀.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀gá Kapasa bú sẹ́rìn-ín. “Èébú lo fẹ́ lọ mú? Ṣé wàá kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ ni?”

Kapasa padà sídìí tábìlì rẹ̀. Ó jókòó, ó tún èébú wọ̀nyẹn kà. Ọ̀kan mú un lójú: “Obìnrin tó fọ́ kìnnìún amọ̀ níbi ẹ̀kọ́ ìyàwó, ilé ọkọ wo ló fẹ́ gbé?” Ẹ̀kọ́ ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ń fi ère amọ̀ kọ́ ìyàwó ni, obìnrin tó ti lọ́kọ nìkan ló sì ń bá ìyàwó wọlé síbẹ̀.

Ó kọ́kọ́ lọ bá Kasuba, olórin tí òun àti Mwenya kì í rẹ́.

“Ṣé ìwọ lò ń bú u?”

“Ojúkojú ni mo máa ń bú u, ọ̀gá! Kìnnìún wo? Mi ò tíì lọ́kọ. Ìta ni wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ mi sí lọ́jọ́ yẹn.”

Sichone, máníjà tí Mwenya lé lọ, pòṣé. “Ọkùnrin ni mí. Ta ló máa gbà mí wọlé?”

Kapasa wá ìyá àgbà tó kọ́ Mwenya lẹ́kọ̀ọ́ náà lọ.

“Màmá, ta ló wà ńbẹ̀ nígbà tí kìnnìún fọ́?”

Ojú ìyá náà le. “Ta ló sọ fún ọ? Ọkọ mi pàápàá ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi! Èmi, ìyàwó, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó gbá àfọ́kù rẹ̀. Kò tún sẹ́lòmíì.”

Fóònù ìyá náà kò mọ̀ ju ìpè lọ.

“Ìyá Chola,” Kapasa sọ fún Besa, ẹ̀gbọ́n Mwenya, “ìwọ ni.”

Besa ò jiyàn. Ó fa fóònù àtijọ́ Chola, ọmọ rẹ̀, yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òun ló fi ń kọ èébú náà.

“Èmi ni mo kọ́ ọ lórin. Ó gba àmì ẹ̀yẹ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ayé, títí kan awakọ̀ rẹ̀. Ó fò mí. Mo kàn fẹ́ kó dùn ún ni. Mi ò mọ̀ pé gbogbo ìlú máa bá mi bú u.”

Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lójú Kapasa.

Nígbà tí Kapasa jíṣẹ́ fún Mwenya, fóònù tún dún. Èébú tuntun ni, àtọ̀dọ̀ ẹlòmíì.

“Èyí náà ńkọ́, ọ̀gá?”

Kapasa dá fóònù náà padà fún un.

Ní Sátidé, Kasuba ni wọ́n fi rọ́pò Mwenya. Kó tó kọ orin kejì tán, wọ́n ti ń bú òun náà lórí ayélujára.