Ọ̀rọ̀ Sátidé Kò Ṣílẹ̀kùn Mọ́

"Mo ní ta ló fún ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn?"

Kúlísúmù aránṣọ fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Fúnmiọlá, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti sá wọ abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

"Ìyá ọmọ ló rán mi," ni ọkùnrin tó wà níta wí. "Ó ní kí n sọ pé 'ọsàn Ìdóàní'. Mo ti sọ ọ́. Ẹ ṣílẹ̀kùn."

Monica ni ìyá ọmọ, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìfọ́n. Nígbà tí lílù pọ̀ jù, ó kúrò nílé Ọlámúyìwá ọkọ rẹ̀, ọkùnrin náà sì búra pé òun yóò gbé ọmọ kọjá bọ́dà, Monica kò ní fojú kàn án mọ́ láéláé. Ẹ wo ìkà! Ìdí nìyẹn tí Monica fi gbé ọmọ pa mọ́ sọ́dọ̀ Kúlísúmù ní Ọ̀wọ̀. Ẹni tí Monica bá rán wá mú ọmọ lọ kí i ní Sátidé gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti ṣílẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, ó ti kú nìyẹn. Tí Monica fúnra rẹ̀ bá ń dá ọmọ padà, á sọ òmíràn sétí Kúlísúmù àti ọmọ.

"Ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣiṣẹ́ tán ní Sátidé," ni Kúlísúmù wí. "Máa lọ."

Ohùn obìnrin kan bá fi ìbínú dá sí i láti ìta: "Kí lẹ ń fa ọ̀rọ̀ gùn sí? Ṣebí èmi ni mo sọ ọ́ ní Sátidé, tẹ́ ẹ sì ṣílẹ̀kùn fún mi!"

Orí Kúlísúmù wú. Ìbílọlá ni, àbúrò Monica, ọmọ ìyá kan náà! Kúlísúmù yọjú lójú fèrèsé, ó rí Ọlámúyìwá nínú mọ́tò. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

"Ìbílọlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ lo fẹ́ tà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ti jẹ tirẹ̀ tán nínú ulé yẹn. Ọlámúyìwá ní ọjọ́ tí mo bá mú ọmọ wá lòun máa fẹ́ mi. Ẹ gbé e jáde!"

"Gbọ́mọgbọ́mọ o!" ni Kúlísúmù figbe ta. Fúnmiọlá sá wọ ìyẹ̀wù, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Sùlè ọkọ Kúlísúmù, tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, sáré dé pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò. Kí wọ́n tó dé ìdí mọ́tò, Ọlámúyìwá àti ọkùnrin tó rán ti sá lọ. Ọkọ tí Ìbílọlá torí rẹ̀ da ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò dúró kó wọ mọ́tò.

Sùlè gun alùpùpù lọ pe Monica wá láti Ìfọ́n. Bó ṣe dé, Ìbílọlá, tí àwọn ará àdúgbò ti dì mú, kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí."

"Ìwọ nìkan ni mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún," ni Monica wí. "Lọ bá bàbá wa nílé, kó o fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tó o ṣe."

Ó lọ kan ilẹ̀kùn ìyẹ̀wù. Kúlísúmù ti bẹ̀bẹ̀ títí, ọmọ kò ṣí i.

"Fúnmiọlá, èmi ni, màmá rẹ."

Ohùn kékeré kan dáhùn láti inú:

"Ẹ sọ ọ̀rọ̀ tuntun."

Omijé bọ́ lójú Monica. Ó kúnlẹ̀, ó fẹnu sí ihò kọ́kọ́rọ́, ó sì sọ ọ́. Nígbà náà ni ọmọ tó ṣílẹ̀kùn. Ó ti tọ̀ sára, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, ìyá rẹ̀ sì gbé e mọ́ra bẹ́ẹ̀.