Owó Orí Ẹsẹ̀

"Owó orí ẹsẹ̀ kẹ̀, Bàbá?" Akọ̀wé ọ́fíìsì owó orí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Àwa kì í gba owó orí lórí ẹsẹ̀, a kì í sì í wọlé onílé gbé rédíò. Wọ́n ti lù yín ní jìbìtì, sà."

Rahmon ni bàbá náà. Ṣọ́jà ni nígbà ogun abẹ́lé. Ọta ìbọn ló sọ ọ́ di ẹni tí ń tiro. Inspẹ́kítọ̀ kan tó wọ kakí gígan ló wá bá a nílé ní Ajégúnlẹ̀, nítòsí Owódé Onírin. Ó ní ìjọba ti tọ́jú ẹsẹ̀ náà lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà owó orí wà lórí ẹ̀; bí kò bá san án, owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀ dúró nìyẹn. Owó ò sí nílé, ni ọkùnrin náà bá gbé rédíò tí Rahmon fi owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba pín, rà. Rahmon tiẹ̀ bá a dì í mọ́ kẹ̀kẹ́ tó gùn wá, ó tún kí i ní sàlúùtù.

Sàlúùtù yẹn ló dùn ún jù.

Nígbà tó padà délé, Àpínkẹ́, ìyàwó ẹ̀, ò bú u. Ó kàn ń wò ó ni. Ì bá sàn kó bú u.

"Ṣebí inspẹ́kítọ̀ yẹn ní òun ń padà bọ̀ wá yẹ ọgbẹ́ ogun tó wà léjìká yín wò?" ló bi í. "Ẹ jẹ́ kó wá."

Rahmon ránṣẹ́ pe Bartholomew, kúùkù ṣọ́jà tí wọ́n jọ lọ sógun. Òun náà ti fi aago ara ògiri san owó orí ìka ọwọ́ kan tí kò tiẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́. Ó gbé ọmọrogùn dání, ó sá pamọ́ sí ilé ìdáná.

Inspẹ́kítọ̀ dé. Ó fi ìka tẹ èjìká Rahmon.

"Ọta ṣì wà nínú ẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, sà."

"Ohun ìní ìjọba lẹ ń gbé kiri yẹn!"

"Àwọn ọ̀tá ló yìn ín, sà."

"Á jẹ́ pé ẹ óò san owó kọ́sítọ́ọ̀mù."

Ni Bartholomew bá bú sẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná.

Inspẹ́kítọ̀ fò dìde. Ó sáré lọ sídìí kẹ̀kẹ́; Àpínkẹ́ ti jókòó lé e. Ó yí padà, ó gba ẹ̀yìnkùlé. Bartholomew ju ọmọrogùn, pẹ́pẹ́yẹ aládùúgbò ló bà. Omi òjò ti bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Rahmon mọ ibi tí pákó wà lábẹ́ omi, ó ń tiro lọ jẹ́jẹ́. Àlejò ò mọ̀ ọ́n. Ẹrẹ̀ gbé e mì dé ìbàdí.

"Ta ni ẹ́?" Rahmon bèèrè látorí pákó.

"Inspẹ́kítọ̀ ni mí! Ẹ óò ṣẹ̀wọ̀n!"

"Bartholomew, jẹ́ ká lọ jẹun."

"Ẹ dákun, sà! Elkanah ni mí! Mi ò ṣiṣẹ́ ìjọba rí!"

"Rédíò mi dà?"

"Ó wà ní yàrá mi ní Kétu. Mi ò tíì tà á. Ẹ fà mí jáde!"

"Kí ló dé tó jẹ́ àwa ṣọ́jà lo yàn?"

Elkanah wolẹ̀. "Bí mo bá ti lo ohùn ọ̀gá, ẹ̀yin kì í jiyàn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Rahmon lára. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó na ọwọ́ sí i.

Ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá tí wọ́n mú Elkanah lọ, Rahmon ò lè gbójú sókè. Àwọn ọlọ́pàá lọ kó ẹrù inú yàrá Elkanah dé: rédíò, aago, fìlà, àní àkùkọ kan tó ṣì wà láàyè. Ọ̀gá ọlọ́pàá gbé gramafóònù kan, ó yí i wò, ojú ẹ̀ yí padà.

"Ti bàbá mi ní Ògùdù nìyí! Ogun Bọ́má ni wọ́n jà. Bàbá sọ fún wa pé olè ló fọ́lé."

Rahmon kọjú sí Elkanah. "Kí lo gba owó orí ẹ̀ lọ́wọ́ wọn?"

"Etí wọn tó di, sà."

Ọ̀gá gbìyànjú láti mú ojú le, kò ṣeé ṣe. Ó gbé orí lé tábìlì, ẹ̀rín ń mì í léjìká. Bartholomew bẹ̀rẹ̀, Àpínkẹ́ tẹ̀ lé e. Rahmon náà gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín títí ìyàwó ẹ̀ fi dì í lápá mú, kó má baà ṣubú.