Ohun Tí Yamini Sọ Nípa Ìkòkò Kẹta

"Ṣé o ti gbọ́ nípa ọmọbìnrin tó ń fi òwú yẹ ẹ̀rọ wò bóyá kòkòrò wà lára rẹ̀ nílé iṣẹ́ oògùn yẹn…"

"Èyí tí Lekhraj fẹ́ fẹ́?"

"Òun mà ni. Wọ́n ní níwájú ọ̀gá ló ti là á mọ́lẹ̀ pé…"

"Pé kí ni?"

"Pé ọ̀bùn ni Lekhraj. Pé kò mọ ìkòkò fọ̀…"

Nídìí omi ẹ̀rọ ní Baddi, nílẹ̀ Íńdíà, ni wọ́n ti ń sọ ọ́ láàárọ̀. Kó tó di ọ̀sán, ó ti dé etí ìyá Lekhraj níbi tó ti ń po ìyẹ̀fun róótì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn. Ìyá náà nu ọwọ́ rẹ̀.

"Àgbọn ìdána tí mo rà yẹn," ló wí, "kò lọ sílé wọn mọ́."

Oṣù mẹ́jọ péré ṣáájú ìgbà náà ni Lekhraj kọ́kọ́ rí Yamini, ọmọbìnrin náà. Ó wọlé wá síbi tí wọ́n ti ń po oògùn ikọ́ àwọn ọmọdé, níbi tí Lekhraj ti ń fọ ìkòkò, aṣọ funfun bò ó látorí dé ẹsẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì nìkan ló hàn. Lekhraj rí wọn, ó gbàgbé ohun tó ń ṣe. Yamini na ọrùn wo inú ìkòkò irin ńlá náà, ó fa imú.

"Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sípíríìtì nu ibí?"

"Èmi ni, Àǹtí. Mo ní kó mọ́ dè yín ni."

"Kò tíì gbẹ! Sípíríìtì yẹn á bá òwú mi lọ, á pa kòkòrò tó bá wà níbẹ̀. Àwo tí mo fi ń mú kòkòrò hù á wá sọ pé ó mọ́, irọ́ sì ni. Mò ń bọ̀ lọ́la."

"Ṣé ẹ ó padà wá lóòótọ́?"

"Torí ìkòkò ni o, kì í ṣe torí yín."

"Ìkòkò yìí mà kúkú ṣoríire."

Yamini rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbomú. Tíì onímíliìkì tí wọ́n ń mu níwájú géètì ló sọ ẹ̀rín náà di ìfẹ́, àwọn òbí sì gbà.

Àfi ọjọ́ Mọ́ńdè kan tí àwo Yamini hù. Kòkòrò funfun tó-tò-tó, mọ́kànlélógún, láti ẹnu ibi tí oògùn ti ń jáde nínú ìkòkò kẹta, ìkòkò Lekhraj. Kò sẹ́ni tó tíì rí i. Ó lè da àwo náà nù. Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀gá pe Yamini àtàwọn olórí iṣẹ́ sípàdé, láìpe Lekhraj. Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà kan lẹ́nu ìkòkò náà, Lekhraj tún ìkòkò fọ̀ lójú wọn, wọ́n sì ní kó lọ jókòó sílé títí èsì tuntun á fi jáde. Bó bá tún hù, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Òfin sì ni pé ohun tí wọ́n sọ nínú ìpàdé náà kò gbọdọ̀ jáde kí ìwádìí tó parí.

"Kí lo sọ nípa mi?" Lekhraj béèrè ní géètì.

"Olólùfẹ́, má bi mí. Ó ku ọjọ́ márùn-ún."

"Màmá ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ mọ́."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ẹ̀rù ń bà mí," ló wí, ṣùgbọ́n kò tú ọwọ́ Yamini tó dì mú sílẹ̀.

Yamini tún fi òwú nu ẹnu ìkòkò náà, ó sì fi í sínú àwo tuntun. Láràárọ̀ ló ń gbé àwo sókè sí iná, tó ń wá àmì funfun tí kò fẹ́ rí. Lọ́jọ́ kẹrin, ó rí nǹkan kan. Ó yí àwo náà. Òjìji èékánná òun fúnra rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ karùn-ún, àwo mọ́ kedere. Ìwádìí parí. Àǹtí Bimla, tó ń gbé tíì wọ ìpàdé náà lọ́jọ́sí, gba ilé ìyá Lekhraj lọ tààrà.

Nírọ̀lẹ́, ìyá Lekhraj wọ ilé bàbá Yamini, ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e.

"Ìyá Lekhraj, ṣebí ẹ lẹ́ ò ṣe mọ́?" ni bàbá wí.

Ìyá gbé àgbọn tí wọ́n fi aṣọ pupa wé lé Yamini lẹ́sẹ̀.

"Ọmọ mi, wọ́n parọ́ fún mi, mo sì gbà á gbọ́. Bàbá, Bimla tún un sọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta kí n má baà ṣì í. Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yín sọ fún ọ̀gá rẹ̀: 'Kòkòrò mọ́kànlélógún ni mo rí, mi ò ní fi ẹyọ kan pa mọ́, torí àwọn ọmọdé ló ń mu oògùn yẹn. Ṣùgbọ́n rọ́bà ẹnu ìkòkò ló ti sán, kì í ṣe ọwọ́ Lekhraj ni kò mọ́. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà, kó tún un fọ̀ bó ṣe máa ń fọ̀ ọ́. Bó bá tún hù, ẹ lé àwa méjèèjì.'"