Àmì Abẹ́ Lẹ́tà Kan

Aránṣọ kan wà tí ó jẹ́ alábòójútó ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ lórí ẹ̀rọ ayélujára. Ọ̀gá Ilẹ̀kùn ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, nítorí pé ẹni tí ó bá fi "o" bá a sọ̀rọ̀ dípò "ẹ", ìta ni yóò bá ara rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀, tí òun náà ń ránṣọ, wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Wọ́n ti jà. Ẹ̀gbọ́n ti dí ìpè àbúrò lórí fóònù. Inú ẹgbẹ́ nìkan ni ó kù tí wọ́n ti lè gbúròó ara wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí ó ti ń lọ aṣọ oníbàárà, ọ̀rọ̀ àbúrò wọlé láìní àmì kankan: "Iya re".

"Ìyá rẹ kẹ̀? Èmi ni ó ń bú níṣojú gbogbo ẹgbẹ́?" Ó yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Aránbàtà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wọn kọjú síra, rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe ìyá kan náà ni ó bí yín ni? Báwo ni ènìyàn ṣe ń bú ìyá ara rẹ̀?"

"Ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́, kí ni kò lè bú?"

Nígbà tí aránbàtà padà wá ní ìrọ̀lẹ́, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Àbúrò yín pè mí. Ó pẹ́ kí ó tó rí nọ́ńbà mi. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó ṣèèṣì fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ láìtíì kọ ọ́ tán. Kí ó tó kọ èyí tí ó kù, ẹ ti tì í síta. 'Ìyá re ilé ìwòsàn' ni ó fẹ́ kọ."

"Màmá dà báyìí?"

"Wọ́n ti sùn, ọ̀gá. Wọ́n bèèrè yín títí ohùn wọn fi lọ."

Ó jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Mo rí i pé kò sí àmì lábẹ́ lẹ́tà náà. Èmi ni mo fi í síbẹ̀."

"Ẹ ti gbàdúrà rí?"

"Mo ti gbà á."

"Kí ni ẹ pe Ọlọ́run?"

Ó ronú. "Ìwọ."

"Kò sì tìtorí rẹ̀ yọ yín. Àwọn tí wọ́n kan Jésù mọ́gi fi Í ṣẹ̀sín. Àwọn náà ni Ó tọrọ ìdáríjì fún. Kò tíì tilẹ̀kùn mọ́ yín."

Ó kúnlẹ̀ láàárín àgékù aṣọ. "Olúwa, Ìwọ ni mo rí fín jù. Dárí jì mí. Má tì mí síta."

Kristi gbà á. Aránṣọ dá àbúrò rẹ̀ padà sínú ẹgbẹ́, ó sì tọrọ àforíjì lójú gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí àbúrò kọ síbẹ̀ ni ọjọ́ ìsìnkú. A ti dárí jì í, ṣùgbọ́n ìyá kò gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ìwọ tí o ń ka èyí, mo pè ọ́ ní "ìwọ", má bínú. Ta ni ó wà níta nítorí rẹ? Ọlọ́run tí o ti rí fín ní àìmọye ìgbà kò tíì yọ ọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó ti ilẹ̀kùn náà. Ké pè É lónìí. "Ìwọ" ni kí o pè É. Yóò dáhùn.