Òdòdó Ẹ̀gbọ́n Mi Nínú Ìkòkò Pupa

Bàtà ẹ̀gbọ́n mi ni mo kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdí méjèèjì ti jẹ lọ sí apá òsì, apá ọ̀tún sì ṣì dà bíi tuntun. Mo gbé wọn sókè nínú pálọ̀, mo ní, “Ẹ wá wo bàtà ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn o!” Ẹ̀gbọ́n mi ju ìrọ̀rí lù mí, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gba bàtà náà lọ́wọ́ mi, ó wo ìdí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì rọra gbé e sílẹ̀ bí ẹni pé ọmọ ń sùn nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni mo rí kápẹ́ẹ̀tì. Yàrá ẹ̀gbọ́n mi kò tóbi: ibùsùn, maṣíìnì ìránṣọ, dígí kan, ó tán. Láàárín wọn, kápẹ́ẹ̀tì ti gbó yípo, òbírí kan tó rí roboto bí ẹnu garawa. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń ronú aṣọ tó fẹ́ gé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń tẹ orí òbírí náà. Òsì ni ó ń yà, òsì náà ni, kò yà sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan.

“Àǹtí mi, kí lẹ ń wá?”

“Mi ò wá nǹkan kan. Mò ń ronú ni.”

“Ẹ jókòó kí ẹ ronú.”

“Tí mo bá jókòó, ó máa ń ṣe mí bíi pé ògiri ń sún mọ́ mi.” Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró. “Má sọ fún Màmá o, Ìjàngbọ̀n.”

Ìjàngbọ̀n ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, n kò sì jẹ orúkọ náà lásán. Èmi ni mo so agolo mọ́ ìrù ajá onígbàjámọ̀. Èmi ni mo da iyọ̀ sínú ike ṣúgà àwọn olùkọ́ lọ́sẹ̀ tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo máa ń fẹnu ara mi ròyìn, torí kí ni adùn eré tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́? Ọ̀kan ṣoṣo ló wà tí n kò tíì sọ fún ẹnì kankan. Bí mo ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, tí mò ń wo ẹ̀gbọ́n mi tó ń yípo, òun gan-an ló wá sí mi lọ́kàn.

Iṣẹ́ Màmá ni títọ́jú òdòdó inú ìkòkò. Ọ́fíìsì mọ́kànlá ló ń lọ. Á bomi rin òdòdó wọn, á nu ewé wọn, èyí tí ìkòkò rẹ̀ bá sì ti há, á gbé e sínú òmíràn. Lọ́jọ́ tó bí ẹ̀gbọ́n mi, ó gé ẹ̀ka kan lára òdòdó ńlá tirẹ̀, ó gbìn ín sínú ìkòkò aláwọ̀ búlúù. Nígbà tó bí mi, ó gé òmíràn, ó gbìn ín sínú ìkòkò pupa. Ó ní kí ọmọ má baà dá dàgbà ni. Àwọn méjèèjì jọ wà lójú fèrèsé pálọ̀, wọ́n jọra bí ìbejì. Tí ọdún méjì bá pé, Màmá á tẹ́ tàpólìn sílẹ̀, á yọ wọ́n, á fi ìka tú gbòǹgbò wọn, á sì gbé wọn sínú ìkòkò tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, aláwọ̀ kan náà.

“Òdòdó tí gbòǹgbò rẹ̀ ò bá ríbi lọ,” ó máa ń wí, “ara rẹ̀ ló máa yí mọ́.”

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí mo ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ní àṣà kan: láràárọ̀ ló máa ń fi téèpù wọn òdòdó rẹ̀, á sì wọn tèmi. “Tèmi fi ìka mẹ́rin ga ju tìẹ lọ. Ọ̀lẹ ni ẹ́, títí dé inú ìkòkò!” Ọ̀rọ̀ náà ta mí lára. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ilé dá, mo yọ méjèèjì. Mo gbé tirẹ̀ sínú ìkòkò pupa, mo gbé tèmi sínú búlúù, mo tẹ yẹ̀pẹ̀ lé wọn, mo gbálẹ̀, mo fọwọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọn ti inú búlúù. Ó tún un wọ̀n. Ó yí téèpù padà wò ó. “Màmá, ṣé òdòdó máa ń súnkì ni?” Mo sáré wọ ilé ìwẹ̀ lọ, mo fi aṣọ ìnura dí ara mi lẹ́nu. Omijé ẹ̀rín dà lójú mi títí ó fi dà bíi pé mò ń sunkún.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni Màmá pè mí. Ó ní, “O ti dàgbà. Ìkòkò búlúù ni èmi á máa tọ́jú. Pupa di tìẹ, ìgbà tó bá wù ẹ́ ni kí o pààrọ̀ rẹ̀.”

Kò wù mí rí. Ọdún mẹ́rin kọjá, omi díẹ̀díẹ̀ ni mò ń dà sí i nígbà tí mo bá rántí. Ti inú búlúù ń lọ sókè, Màmá pààrọ̀ ìkòkò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Láàárín ìgbà náà, mo ga ju Màmá lọ. N kò lè jókòó síbì kan mọ́. Kíláàsì há fún mi débi pé mo fo fèrèsé lọ́jọ́ kan, n kò sì padà. Àwọn èèyàn ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ ló ń gùn mí, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ ń gbẹ. Ó ń mu omi bí ilẹ̀ tí ọ̀dá pa, ife kan tẹ̀ lé òmíràn, kò sì pẹ́ tí omi náà fi ń gba ara rẹ̀ kọjá bí ẹni da omi sínú asẹ́. Ètè rẹ̀ sì ń là síbẹ̀. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é, kó lọ sinmi.

Nígbà náà ni lẹ́tà dé. Ilé iṣẹ́ ìránṣọ kan ní ìlú mìíràn fẹ́ kó wá di ọ̀gá lórí àwọn tó ń gé aṣọ. Ọdún mẹ́ta ló ti ń retí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní tí wọn ò bá rí i láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹlòmíràn ló máa gbà á. Ẹ̀gbọ́n mi di báàgì rẹ̀ lọ́jọ́ Fúráìdè, ó kí wa, ó lọ sí ìdíkọ̀.

Láàárín wákàtí kan, a gbọ́ ìró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Òun ni. Báàgì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ rí bí ti ẹni tó jí sínú ilé onílé.

“Ọ̀nà ìdíkọ̀ ni mo gbà,” ó wí. “Tààrà ni mo gbà á.”

Ó tún jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, mo tẹ̀ lé e láti ẹ̀yìn. Ó rìn dé oríta. Ìdíkọ̀ wà lápá ọ̀tún, a ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń pe èrò níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yà sí òsì. Ó yà sí òsì níwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ó yà sí òsì níwájú onígbàjámọ̀, ojú rẹ̀ wà níwájú bí ti ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Nígbà tó fẹ́ yà sí àdúgbò wa, mo sáré dì í lọ́wọ́ mú, mo fà á padà. Apá rẹ̀ le gbagidi bí okùn tí ẹrù wà lẹ́nu rẹ̀. Ó pariwo.

“Jọ̀wọ́,” ó wí, ohùn rẹ̀ kéré. “Jọ̀wọ́, o máa fà mí já.”

Mo fi í sílẹ̀. Mo tẹ̀ lé e délé, n kò sì lè gbé ojú mi sókè wo fèrèsé pálọ̀.

Sátidé ni Màmá máa ń lọ sí ọ́fíìsì tó pọ̀ jù, torí kò séèyàn níbẹ̀. Bó ṣe jáde báyìí, mo tẹ́ tàpólìn, mo gbé ìkòkò pupa wálẹ̀. Gbòǹgbò ti yọ láti ihò ìdí rẹ̀, ó ti rìn yí ìdí ìkòkò ká, ó sì ti tún wọlé láti ihò kejì. Mo fi ọ̀bẹ yí ẹnu rẹ̀ ká. Mo dojú rẹ̀ dé, mo gbá ìdí rẹ̀. Kò mì.

“Ta ló ń kanlẹ̀kùn?” Ẹ̀gbọ́n mi ló ń pariwo láti yàrá.

“Kò séèyàn kankan, Àǹtí mi.”

Mo tún gbá a.

“Ìjàngbọ̀n, eré rẹ yìí ti tó. Inú ẹ̀yìn mi ló ti ń dún.”

Mo mú òòlù. Mo fọ́ ìkòkò náà. Kò sí yẹ̀pẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Gbòǹgbò nìkan ni, funfun àti pupa rẹ́súrẹ́sú, ó wé mọ́ra wọn lọ sí apá òsì, ó le, ó sì dúró ní ìrísí ìkòkò bí ẹni pé ìkòkò ṣì wà níbẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé e. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́, bí ẹ̀yìn ẹni tí ibà ń ṣe. Nínú yàrá, ìró ẹsẹ̀ dáwọ́ dúró.

Mo rì í sínú garawa omi bí Màmá ti máa ń ṣe, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tú u láti ìsàlẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Bí mo bá ti tú ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n mi á mí kanlẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Mo ń ka èémí rẹ̀. Mo dé ibi tí kò tú mọ́. Gbòǹgbò mẹ́rin tó nípọn ti yí àwọn yòókù po, wọ́n sì ti le bí igi. Mo mọ ohun tí Màmá máa ń ṣe sí irú wọn. Tí a kò bá gé wọn, kódà nínú oko gbalasa, wọ́n á ṣì máa yípo. Ṣùgbọ́n àwọn òdòdó yẹn, kò sí ẹni tó ń mí lẹ́yìn ògiri nítorí wọn.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Òógùn bò ó. Ó wo gbòǹgbò, ó wo ìkòkò tó fọ́, ó wò mí. N kò mọ ohun tó yé e nínú rẹ̀. Ó na àlùmọ́gàjí rẹ̀ sí mi, èyí tí kò gbà kí n fọwọ́ kàn rí, ó sì di férémù ilẹ̀kùn mú lọ́wọ́ méjèèjì.

“Gé e,” ó wí.

Mo gé ìkíní. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Mo gé ìkejì àti ìkẹta, ó wa eyín pọ̀. Nígbà tí mo gé ìkẹrin, ojú mi wà ní dídì. Ìró kan já nínú pálọ̀ náà bí ìgbà tí okùn ẹrù bá já, lẹ́yìn náà gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Mo lajú. Ó ń mí. Mo gbin òdòdó náà sínú agbada ńlá pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ tuntun, mo bu omi rin ín, omi náà sì dúró níbẹ̀, ó ń rì wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ife omi, ó mu ún dé ìdajì, ó sì gbé ìyókù sílẹ̀.

Ó ti gbé báàgì rẹ̀ nígbà tí Màmá wọlé.

Màmá wo tàpólìn. Ó wo gbòǹgbò mẹ́rin tó wà nílẹ̀. “Níbo lò ń lọ?” ó wí, ohùn rẹ̀ kò ga.

“Ìdíkọ̀, Màmá. Iṣẹ́ yẹn.” Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n kò súre kankan. Ẹ̀gbọ́n mi rọra yọ orí rẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ náà, ó dì mí mọ́ra, ó lọ. A dúró lójú fèrèsé. Ó dé oríta, ó yà sí ọ̀tún, èrò sì bò ó lójú wa.

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo jókòó sórí àga, mo ní, “Màmá, èmi ni mo pààrọ̀ wọn. Eré ni mo fi ṣe.”

“Mo mọ̀.”

Mo gbójú sókè.

“Ṣé èmi tí mò ń tọ́jú òdòdó gbogbo ìgboro ni kò ní mọ èyí tí mo fọwọ́ ara mi gbìn?” ó wí. “Ọjọ́ tí o ṣe é ni mo ti rí i.”

“Ẹ wá ń wò ó?”

“Láti kékeré ni ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń sọ pé òun máa lọ.” Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye omi tí òdòdó kan ń fẹ́ lọ́sẹ̀. “Nígbà tí bàbá yín ń lọ, mi ò tíì mọ ohun tí ìkòkò lè ṣe.”

Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó kúnlẹ̀, ó fa ìkòkò búlúù sórí tàpólìn, ó sì yọ òdòdó mi pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Gbòǹgbò rẹ̀ tàn ká bí irun tí a kò dì. Lábẹ́ àga, ó mú ìkòkò kan jáde tí kò tóbi ju orí ọmọ ọwọ́ lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká gbòǹgbò náà wọ inú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

“Má bẹ̀rù,” ó wí. “Kò ní dùn ẹ́.”

Mo fẹ́ dìde. Mo fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ mi sì ń súfèé pè mí láti ìsàlẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé tí wọ́n bá súfèé lẹ́ẹ̀kẹta, màá dìde. Wọ́n súfèé lẹ́ẹ̀kejì. Màmá bu yẹ̀pẹ̀ ìkẹyìn lé e, ó fi ọwọ́ tẹ́ ojú rẹ̀.

Wọ́n súfèé lẹ́ẹ̀kẹta. Mo bẹ Màmá kó bá mi ti fèrèsé.