Ilé Kẹẹ̀ẹ́dógún

Ẹni mẹ́ta ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n lọ sinmi. Ìkejì rẹ́rìn-ín. Ìkẹta ni ọkọ mi, òun ní kí n má sọ ọ́ nínú ilé òun mọ́. Mi ò fi iyọ̀ sí i, mi ò sì bù nínú rẹ̀. Ó ṣojú mi kòró.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wọn íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó lè dà bí àwàdà létí ẹlòmíì, àmọ́ iṣẹ́ ìjọba ni. Tẹ́lẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń ya máàpù fún ìjọba. Ibi tí wọ́n bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé, wọ́n á fi aró kùn ún. Nígbà tó yá, gbogbo máàpù di aró, látorí òkè dé inú kòtò. Àwọn aráàlú sì ń pariwo pé àwọn ò rí nǹkan kan. Ni ìjọba bá ní ká fẹsẹ̀ rìn ín, ká máa wọ̀n ọ́n láti ilé dé ilé, kí máàpù lè sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ kan. Ó dúdú, ó wúwo, ọrùn ni mo máa ń gbé e kọ́. Tó bá ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, á máa ró kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ẹni ń fi èékánná kan tábìlì. Tó bá rí i, á dún gbọọrọ. Nọ́ńbà tó bá gbé jáde ni mo máa kọ sílẹ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ràn pé kò pọn dandan kí n gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Àǹtí Ẹlẹ́rọ ni wọ́n ń pè mí, ó sì máa ń dùn mọ́ mi.

Òpópónà kan wà nísàlẹ̀ òkè, ilé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà níbẹ̀. Tísà àdúgbò ló mú mi kiri. Ọkùnrin gbígbẹ ni, tó ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó ní orí íńtánẹ́ẹ̀tì làwọn ọmọ iléèwé òun ti ń ṣèdánwò, òun sì ní láti máa kó wọn gun òkè kí wọ́n tó rí i, bójò ń rọ̀, bóòrùn ń ràn.

"Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan yọ̀ ṣubú níbẹ̀," ó ní. "Kò dìde mọ́."

Kò dúró sọ ọ́. Ó ń rìn lọ ni.

A wọ ilé mẹ́rìnlá. Òdo, òdo, òdo. Bí mo ṣe ń kọ òdo ni ojú Tísà ń tàn sí i. Ó mọ òfin wa. Bí ilé kan ṣoṣo bá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní òpópónà kan, ìjọba á ní gbogbo òpópónà náà ti rí i, wọn ò sì ní fa wáyà débẹ̀.

"Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé," Tísà sọ. "Ìjọba yín ló ní ẹnìkan ń jẹ́ ẹ. Àǹtí, ó ku ọ̀kan. Ẹ ò kúkú nílò láti dé ibẹ̀."

"Mo gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀," mo ní.

Ìyá àgbàlagbà kan ló ń gbé ilé kẹẹ̀ẹ́dógún, òun nìkan. Wọ́n ti gbá yàrá náà mọ́ tónítóní. Àga kan wà níwájú tábìlì. Lórí tábìlì, fóònù kan fẹ̀yìn ti ife, aṣọ funfun ni wọ́n ká sábẹ́ rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n tẹ́ ẹ fún ọmọ tuntun.

"Ẹ kú ilé, Màmá. Ìjọba ló rán mi. Ṣé ẹ ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì?"

"Mò ń rí i dáadáa, ọmọ mi."

Tísà mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi.

"Ọmọ mi obìnrin máa ń pè mí," ìyá náà sọ. "Aago mẹ́rin, lójoojúmọ́. Mo máa ń rí ojú rẹ̀ kedere."

Ẹ̀rọ ń ró lọ́rùn mi. Kẹ́, kẹ́, kẹ́.

"Òdo ni, Màmá."

"Jókòó. Aago mẹ́rin ò jìnnà."

A jókòó. Nílé tó kángun sí i, Aránṣọ àdúgbò ń ránṣọ, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ń dún gìrìgìrì. Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago lù, ó dákẹ́. Ẹyẹ dákẹ́. Fóònù náà tàn. Kò dún. Ó kàn tàn ni.

Obìnrin kan jókòó nínú rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ á tó tèmi. Ògiri funfun wà lẹ́yìn rẹ̀, fèrèsé kan sì wà lápá ọ̀tún.

"Dúdú mi. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màmi. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

"Ó ń fà mí díẹ̀díẹ̀. Kò burú."

"Ẹ máa fi omi gbígbóná sí i."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ, tí kò ní nǹkan kan nínú, tó sì kún. Ọdún kẹfà mi lẹ́nu iṣẹ́ yìí nìyẹn. Mi ò rí àwòrán tó dúró bẹ́ẹ̀ rí. Kò gbọ̀n, kò já. Ohùn obìnrin náà dà bí ohùn ẹni tó jókòó tì wá. Ẹ̀rọ mi sì ń ró. Kẹ́, kẹ́, kẹ́. Òdo.

Nígbà tí fóònù ṣú, mo ní kí Màmá jẹ́ kí n wò ó. Mo fi èékánná ṣí ibi tí wọ́n máa ń ki síìmù sí. Ibẹ̀ ṣófo. Eruku ló wà níbẹ̀.

Mo dá fóònù padà.

Lójú ọ̀nà, mo bi Tísà pé níbo lọ́mọ náà wà.

"Ó wáṣẹ́ lọ. Ọdún kẹsàn-án rèé. Ẹnikẹ́ni ò gbúròó rẹ̀."

"Ṣé ó ti kú ni?"

"Mo ní ẹnikẹ́ni ò gbúròó rẹ̀." Ó dúró, fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Kí lẹ máa kọ?"

"Mi ò tíì mọ̀."

"Ẹ̀rọ yín ní òdo."

"Ojú mi ní bẹ́ẹ̀ kọ́."

Lọ́jọ́ kejì, mo padà lọ. Tísà ti mú Aránṣọ dání. Obìnrin ńlá ni, pẹ̀lú okùn ìwọ̀n rẹ̀ lọ́rùn bíi tèmi. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lókè òkun. Ó lọ́dún méjì rèé tóun ò rí ojú ẹ̀, torí orúnkún òun ò gba òkè gígùn mọ́.

"Màmá, kí ló dé tó fi jẹ́ tiyín nìkan ló ń wọlé?" ó bi ìyá náà. Kò tiẹ̀ kí i. "Kí lẹ ṣe tá ò ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan."

"Ẹ sọ fún Àǹtí pé ẹ ò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì," Tísà sọ. "Ẹ kàn sọ ọ́. Ó parí."

"Kí n wá ní ọmọ mi ò pè mí? Nígbà tó ń pè mí?"

"Ṣé àwa ò lọ́mọ ni?" Tísà bi í.

Mo rò pé màá la ìjà náà. Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ fún ara mi. Mo ní, "Màmá, fóònù yín ò ní síìmù. Kò sóhun tó lè gba inú ẹ̀ wọlé."

Ó wò mí. Kò yà á lẹ́nu.

"Mo mọ̀," ó ní. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Jọ̀ọ́, má sọ ọ́ sókè. Ó lè gbọ́."

Ó yẹ kí n jáde nígbà náà. Aago mẹ́rin lù, fóònù sì tàn.

Aṣọ àná ló wọ̀. Ìtànṣán tó wà lójú fèrèsé lánàá ló wà níbẹ̀, kò kúrò lójú kan.

"Ẹ bi í pé níbo ló wà," Aránṣọ sọ.

Ìyá náà mi orí. "Mi ò kì í bèèrè."

"Ẹ bi í," Tísà sọ. "Nítorí ọmọ tó ṣubú yẹn."

Wọ́n yíjú sí mi. Mo lè sọ pé ká fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀. Ìyẹn ni iṣẹ́ mi.

"Ẹ bi í, Màmá," mo ní. Mo gbọ́ ohùn ara mi. Ó tutù bí irin.

Ìyá náà fọwọ́ kan etí tábìlì.

"Dúdú mi. Níbo lo wà?"

Ẹ̀rọ ọrùn mi dákẹ́. Kò dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí látọjọ́ tí wọ́n ti fún mi. Obìnrin inú fóònù ò mira. Kò ṣẹ́jú.

"Màmi," ó ní, "ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ mọ̀, àbí wọ́n ní kí ẹ bèèrè?"

"Wọ́n ní kí n bèèrè."

Ó rọra yí ojú. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni mo dúró sí, níbi tí fóònù ò ti lè rí mi. Èmi ló ń wò.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọn nǹkan. Ṣé ẹ̀rọ yín rí mi?"

Kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ó ti tún bẹ̀rẹ̀.

"Kò rí yín," mo ní.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà."

Màmá dìde, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ ò lágbára. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́," ó ní. Mi ò mọ ẹni tó ń bẹ̀, èmi ni àbí obìnrin inú fóònù.

Mo kọ ọ́. Òdo.

Fóònù ṣú, bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ fìtílà pa. Tísà bọ̀ mí lọ́wọ́. Ìyá náà fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú fóònù, ó tún fi í ti ife.

"Ó máa pè lọ́la," ó ní.

Kò pè lọ́la. Kò pè lọ́túnla.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ìjọba fa wáyà dé ibẹ̀. Àwọn èèyàn jó. Ohun tó tẹ̀ lé e, ẹnu Aránṣọ ni mo ti gbọ́ ọ, kò sì fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ní Màmá gbà kí wọ́n kan àpótí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́ ògiri ilé òun. Ó ní kí wọ́n ra síìmù tuntun sí fóònù náà. Ó wọ aṣọ tó dára jù tó ní, ó sì jókòó. Ojoojúmọ́ ló ń wọ̀ ọ́, ojoojúmọ́ ló ń jókòó. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún dẹ́nu. Ẹnikẹ́ni ò pè é.

"Mo sọ fún un pé bọ́mọ rẹ̀ bá wà láyé, ì bá ti pè é," Aránṣọ sọ. "Mo ní àwa tá a lẹ́ni, wọ́n ń pè wá. Òótọ́ kúkú ni."

Lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀kùn Màmá wà ní ṣíṣí. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Omi wà lórí iná, ó ń hó. Fóònù ò sí níbẹ̀. Wọ́n wá orí òkè, wọ́n wá etí odò. Wọn ò rí nǹkan kan.

Ọ́fíìsì rán mi padà síbẹ̀ kí n lọ yẹ iṣẹ́ wò, ká lè parí máàpù. Òfin ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ni ká wọ̀n ọ́n. Mo wọ̀n ọ́n. Láti ilé kìíní dé ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀rọ mi ń dún gbọọrọ. Mo kọ ọ́ pé ó kún.

Tísà ò jẹ́ kí n lọ. Ó mú mi wọ kíláàsì, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé ìwé kan síwájú mi. Nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀.

"Látọjọ́ tí Màmá ti lọ," ó ní. "Tí aago mẹ́rin bá ti lù, gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ. Ní gbogbo ilé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wọ́n ti wá pààrọ̀ wáyà. Wọ́n ti pààrọ̀ àpótí. Lánàá, ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì."

Mo dúró di aago mẹ́rin. Àwọn kọ̀ǹpútà kíláàsì dúró gbagidi. Ẹ̀rọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Mo jáde síta. Àwọn ará òpópónà ti jáde, kálukú dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò wo ẹnì kejì. Aránṣọ fi ìka di etí rẹ̀ méjèèjì.

"Kí lẹ ń gbọ́?" mo bi í.

Ó mi orí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan, àfi ẹ̀rọ mi.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ mọ ìṣirò," Tísà sọ. "Tó bá ń lọ báyìí, ìgbà wo ló máa gba gbogbo ọjọ́?"

Mo ti ṣírò rẹ̀ lọ́kàn.

Látìgbà náà, àràárọ̀ ni Tísà ń fi nọ́ńbà kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí mi. Kì í kí mi, kì í kọ nǹkan míì sí i. Wákàtí mẹ́rin. Wákàtí mọ́kànlá. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, wákàtí mẹ́tàlélógún. Láti ọjọ́ Ẹtì, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Mo ní kí ọ́fíìsì jẹ́ kí n padà lọ. Wọ́n ní kò nídìí. Máàpù ti parí.

Mi ò tíì lọ.